Àmì Ìyá Mi Lára Ọ̀bẹ Ogun

Nínú gbogbo ẹrù tí mo kó wá sí Amẹ́ríkà, orógùn ìyá mi nìkan ni àwọn aṣọ́bodè mú jáde kúrò nínú àpótí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú un lọ́wọ́ bi mí pé kí ni. Mo ní igi tí a fi ń ro ọkà ni. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó fi ìka kan ihò dúdú mẹ́ta tó wà nídìí rẹ̀, ó ní ṣé kòkòrò ló jẹ ẹ́ báyìí. Mo ní rárá, ìyá mi ni. Ó wo ojú mi, ó rí i pé n kò rẹ́rìn-ín, ó dá a padà síbi tó ti mú un. Láti ìgbà náà ni orógùn yẹn ti wà nínú ilé ìdáná Bọ́lá ọmọ mi ní Hyattsville ní Maryland, níbi tí mo ti ń bá a tọ́jú ilé nígbà tí òun bá wà lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè é ní igi Màmá Àgbà, wọ́n sì ń sá fún un bí ẹni pé mo fẹ́ fi nà wọ́n. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi di ọ̀gá ilé ìwé, mo sì mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tí mo fojú rí àti ohun tí wọ́n sọ fún mi. Ohun tí mo fojú rí ni mo fẹ́ kọ síhìn-ín. Àwọn tó ṣe é ti kú tán, àfi ẹnì kan, ẹni náà sì wà ní Upper Marlboro, kò jìnnà sí wa níhìn-ín, ó ń jẹun dáadáa.

Ní agbo ilé wa ní Ìbàdàn, kí n tó gbọ́ ohùn ìyá mi láàárọ̀, ìró òkúta lórí èkùrọ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́. Iwájú ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni àwọn obìnrin máa ń jókòó sí, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á máa pa èkùrọ́, kọ́, kọ́, kọ́, títí oòrùn á fi kan àtàrí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí, tí a ń pè ní Bàbá Dípọ̀, ló ń ra èkùrọ́ náà fún àwọn òyìnbó. Ìwọ̀n rẹ̀ rọ̀ sára òpó, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ a sì máa dún woroworo bí wọ́n bá ti gbé apẹ̀rẹ̀ lé e. Ọkùnrin tí kì í pariwo ni. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a pa ariwo tirẹ̀. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́, tíṣà wa sọ fún wa ní ilé ìwé pé òróró inú èkùrọ́ yẹn ni wọ́n fi ń ran àwọn ọmọ ogun lọ́wọ́, pé ẹni tó bá ń pa èkùrọ́ ń bá ọba òyìnbó ja ogun rẹ̀. A padà délé, a bẹ̀rẹ̀ sí í pa èkùrọ́ bí ẹni ń pa ọ̀tá. Ìgbà tí mo fi òkúta fọ́ èékánná ara mi ni ìyá mi ní kí n fi ogun náà sílẹ̀ fún bàbá mi, ẹni tó lọ síbẹ̀.

Bàbá mi lọ síbẹ̀ lóòótọ́. Bọ́mà, ní ìlà oòrùn ayé, ni wọ́n kó wọn lọ. Ọdún tó padà dé ni mò ń sọ, nítorí ọdún kan ṣoṣo náà ni mo fi ní bàbá tí mo lè rántí. Ó wọlé pẹ̀lú àpò kan àti bàtà tó wúwo, ó gbẹ bí igi, àwọn obìnrin sì gbé òkúta sílẹ̀. N kò tíì gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ilé náà rí. Àwa ọmọdé jókòó tì í, a ń retí kí ó sọ iye ènìyàn tó pa. Ó ní òun kò pa ẹnì kankan. Ẹrù ni òun gbé. Àwọn òkè ibẹ̀ kò gba mọ́tò, kò gba ẹṣin. Orí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ni wọ́n fi ń gbé ọta ìbọn àti ìrẹsì kọjá. Ó ní òun pọn ọmọ ogun kan sẹ́yìn, ará Nẹ̀páálì, tí ìbọn bà lẹ́sẹ̀, láti orí òkè títí dé ọ̀dọ̀ dókítà. Nígbà tí wọ́n délẹ̀, ọkùnrin náà tú ọ̀bẹ ìbàdí rẹ̀, ó fi lé òun lọ́wọ́. "Kò gbọ́ èdè mi, n ò gbọ́ tirẹ̀," ni bàbá mi wí, "ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀ sí mi létí títí a fi délẹ̀. Mo rò pé ó ń bú mi pé mò ń mi òun jù ni."

Ọ̀bẹ náà tẹ̀ bí apá tí ènìyàn ká díẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn, ikùn rẹ̀ fẹ̀, èkù rẹ̀ jẹ́ igi dúdú tó kún ọwọ́. Gbogbo ilé ń pè é ní Bọ́mà, bí ẹni pé ènìyàn ni. Bí ọwọ́ alẹ́ bá lẹ̀, bàbá mi fúnra rẹ̀ ló máa ń fi gé iṣu. Yóò gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan, iṣu á là sí méjì, ojú rẹ̀ á funfun kedere, èmi á máa ṣa èèpo fún ewúrẹ́. Ìyàwó Bàbá Dípọ̀ á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ti ká ọwọ́ sí àyà.

"Ọkọ mi, alárùú ọba, ẹ kú iṣẹ́ o! Àwọn ẹgbẹ́ yín lọ jagun, ẹ̀yin lọ rẹrù, ẹ fi ọ̀bẹ iṣu bọ̀."

"Ìyàwó, iṣu yìí á kàn yín," ni bàbá mi á dáhùn, á sì rẹ́rìn-ín.

Àwọn obìnrin tó kù náà á rẹ́rìn-ín. Alárùú ọba wá di orúkọ rẹ̀ nínú ilé, àwọn ọmọdé sì ń fi pe èmi náà: ọmọ alárùú. Ìyá mi kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ń kó ọ̀rọ̀ náà pa mọ́, mo sì ti jogún ìwà náà.

Nílé wa nígbà yẹn, kò sí ohun èlò obìnrin tí kò ní àmì. Bí ìkómọ tàbí ìsìnkú bá dé, wọ́n á kó ìkòkò, àwo àti orógùn láti yàrá gbogbo jọ sójú kan. Bí ìnáwó bá parí, ìjà ta ló ni èyí á bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan á fi ọ̀dà pupa kun ìdí àwo, òmíràn á so òwú mọ́ etí ìkòkò. Ìyá mi ní ọ̀dà á ṣí, òwú á já. Iná ló ń fi sàmì sí igi tirẹ̀. Yóò ki ìṣó bọ inú ẹyin iná títí á fi pọ́n, á sì fi jó ihò mẹ́ta, méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, bí òkúta ìdáná. "Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù," ni ó máa ń wí bí èéfín bá ti ń rú. Èmi kò ní ẹ̀gbọ́n, n kò ní àbúrò. Mo gbà lọ́kàn mi pé àwa náà ni ààrò mẹ́ta ọ̀hún: bàbá, ìyá àti èmi.

Ọdún yẹn náà ni wọ́n bí Dípọ̀, ọmọkùnrin àkọ́kọ́ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Wọ́n yá Bọ́mà lọ pa àgbò ìkómọ rẹ̀. Àgbò tán, ọ̀bẹ kò padà. Bí ìyá mi bá béèrè, wọ́n á ní àwọn ń wá a. Níkẹyìn, nígbà tó lọ bá ìyàwó náà wẹ ọmọ, ó rí ẹnu ọ̀bẹ tó yọ jáde lábẹ́ àpótí aṣọ. Kò jà. Ó wẹ ọmọ tán, ó fi òrí pa á lára, ó gbé e fún ìyá rẹ̀, ó sì fa ọ̀bẹ ọkọ rẹ̀ yọ lábẹ́ àpótí, ó gbé e wálé. Ìdí ààrò ni ó gbà lọ tààrà, ó ki ìṣó bọná. Èmi ni mo fẹ́ iná náà. Ojú mi ló ṣe tí igi dúdú yẹn fi jó ní ojú mẹ́ta, tí èéfín rẹ̀ ń rùn bí ìwo ẹran. Bàbá mi wọlé bá wa níbẹ̀.

"Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ọ̀bẹ ogun lo ń sàmì orógùn sí lára?"

"Ogun ti parí, Bàbá Àbẹ̀kẹ́. Nínú ilé yìí, orógùn ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ikọ́ yẹn bá a bọ̀ láti Bọ́mà, òun ló sì pa á kí ọdún tó yípo. Èkùrọ́ kò dákẹ́ ju ọjọ́ ìsìnkú lọ. Nígbà tí wọ́n jókòó láti pín ẹrù rẹ̀, Bàbá Dípọ̀ wo ilẹ̀, ó ní irin ogun kì í gbé lọ́wọ́ opó, òun yóò bá Àbẹ̀kẹ́ tọ́jú ọ̀bẹ náà. Ìyàwó rẹ̀ ti na ọwọ́ sí i kó tó parí ọ̀rọ̀. Ìyá mi gba bàtà, ó gba aṣọ òtútù, ó dìde. Mo bi í lóru ìdí tí kò fi bá wọn du ú. Ó ní, "Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tíì tẹ èkù idà kì í bèèrè ikú tó pa bàbá rẹ̀. Lọ sùn." Mo rò pé ó ń bá mi wí ni. A kó lọ sí ilé bàbá rẹ̀, níbi tí mo ti kàwé, a kì í sì í lọ sí agbo ilé yẹn àfi bí ẹnì kan bá kú. Ìgbàkígbà tí a bá lọ, irọ́ kan ti dàgbà sí i. Ọ̀rọ̀ alárùú ti kúrò lẹ́nu ìyàwó Bàbá Dípọ̀. Ó kọ́kọ́ sọ fún àwọn ayálégbé tuntun pé ọ̀bẹ ará ilé àwọn kan ni. Lẹ́yìn náà ó di ọ̀bẹ àwọn. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ fi máa kú, ó ti di pé ọkọ yìí ló lọ sí Bọ́mà, bàbá tèmi kò sì lọ síbi kankan. Dípọ̀ gbé ìtàn náà mì pẹ̀lú ẹ̀kọ àárọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé ní ọjọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn tí mo dé Maryland, tí Dípọ̀ rán ọmọ rẹ̀ wá fi mọ́tò gbé mi lọ jẹun nílé rẹ̀ ní ẹ̀yìn Upper Marlboro, Bọ́mà ni mo kọ́kọ́ rí. Ó wà lára ògiri pálọ̀ nínú àpótí gíláàsì, iná kékeré kan ń tàn sí i lórí bí ẹni pé ó ṣàìsàn. Dípọ̀ ti di àgbàlagbà onírun funfun, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ oníṣirò owó, ó jẹ́ alàgbà nínú ìjọ. Pásítọ̀ rẹ̀ náà wà níjókòó. Dípọ̀ ń sọ fún un bí bàbá òun, kọ́púrà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun, ṣe fi ọ̀bẹ náà gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tá nínú igbó Bọ́mà.

"Háà!" ni Pásítọ̀ wí. "Ẹ̀jẹ̀ akọni ń bẹ lára yín, Alàgbà."

Mo dìde, mo fi ojú mi sún mọ́ gíláàsì náà. Ihò mẹ́ta, méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Mo bi í pé kí ni wọ̀nyí.

"Sísítà mi, àmì ẹgbẹ́ ogun Bàbá ni."

Mo ní, "Ó dára." Mo padà sídìí ìrẹsì mi. Ẹran rẹ̀ le.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni Dípọ̀ fúnra rẹ̀ wá sí Hyattsville, ó gbé iṣu àti ẹja gbígbẹ tó rà ní Langley Park lọ́wọ́. Ẹni tó bá gbé iṣu wá bá obìnrin tí wọ́n gba ọ̀bẹ iṣu rẹ̀ ní ohun tó ń wá. Ó ní òyìnbó kan, ológun tó ti fẹ̀yìn tì, ń ṣètò ìpàtẹ àwọn ohun ìjà àtijọ́, ó fẹ́ yẹ Bọ́mà wò, kí ó mọ irú tó jẹ́ àti ohun tó tó. Bí ó bá jẹ́ ojúlówó, wọn yóò gbé e sínú ìpàtẹ náà títí lọ, wọn yóò sì kọ orúkọ ẹni tó gbé e bọ̀ láti ojú ogun sára pátákó idẹ sábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òyìnbó náà ní ọ̀bẹ lásán kò níyì tó ọ̀bẹ tí ènìyàn kan jẹ́rìí sí. Ó fẹ́ àgbàlagbà tó fojú rí i nígbà náà.

"Ẹ̀yin nìkan lẹ kù, Sísítà mi. Èmi ò tíì lè jókòó nígbà yẹn."

"Kí ni kí n sọ?"

"Ohun tí ẹ bá rántí náà ni. Pé Bàbá lọ sógun, pé ó gbé e bọ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni màá ní kí wọ́n bá mi pààrọ̀ èkù rẹ̀. Ihò yẹn ń bà á jẹ́."

Orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n fẹ́ kọ sára idẹ, àmì ìyá mi ni wọ́n fẹ́ sọ sínú agolo ìdọ̀tí, èmi sì ni wọ́n fẹ́ kí n di ilẹ̀kùn mú. Mo ní, "Ohun tí mo bá rántí, màá sọ ọ́." Ó dúpẹ́ títí ó fi wọ mọ́tò. Nígbà tí ọjọ́ pé, Bọ́lá rí mi tí mò ń ti orógùn bọ inú báàgì.

"Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe lóde?"

"Wọ́n fẹ́ bi mí ní ìbéèrè kan. Òun ló máa dáhùn."

Gbọ̀ngàn àwọn panápaná ni wọ́n pàtẹ sí. Tábìlì kún fún ọ̀bẹ oríṣiríṣi, ti àwọn ọmọ ogun orí omi, ti àwọn tó ń fò láti inú ọkọ̀ òfúrufú, àwọn ọkùnrin arúgbó sì ń gbé wọn yẹ̀ wò bí ìgbà tí obìnrin bá ń yan tòmátì. Òyìnbó náà jẹ́ onírùngbọ̀n, ohùn rẹ̀ ròkè, ó sì mọ̀ pé òun mọ nǹkan. Ó tú Bọ́mà kúrò nínú aṣọ tí Dípọ̀ fi dì í. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ta ló fọ̀ ọ́?"

"Èmi ni," ni Dípọ̀ wí tayọ̀tayọ̀. "Wáyà tí a fi ń fọ ìkòkò ni mo fi ha á kó lè dán."

Òyìnbó náà di orí mú bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Ó ṣàlàyé pé àwọ̀ dúdú tí ọjọ́ orí fi kun irin gan-an ni àwọn tó ń kó wọn jọ ń wá. Ẹni tó bá ha á dànù ti ha ìdajì iyì rẹ̀ dànù. Èmi kò dá Dípọ̀ lẹ́bi lórí ìyẹn nìkan. Níbi tí wọ́n ti tọ́ wa, a kì í gbé ohun ìdọ̀tí síwájú àlejò. Lẹ́yìn náà òyìnbó náà fi èékánná ọwọ́ rẹ̀ ta ẹ̀yìn ọ̀bẹ, ó gbọ́ bó ṣe dún. Ó fi awò tí ń mú nǹkan tóbi wo ìdí irin náà, ó sì fi ọfà kékeré kan hàn wá tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn lára pẹ̀lú nọ́ńbà: àmì tí ìjọba ọba máa ń tẹ̀ sára ohun ogun tirẹ̀. Ó yí i padà, ó fi hàn wá pé irin inú rẹ̀ la èkù já títí dé ìsàlẹ̀. Ó ní àwọn tí wọ́n ṣe tà fún arìnrìn-àjò máa ń ní orí kìnnìún onídẹ àti òdòdó lára, ṣùgbọ́n irin wọn fúyẹ́, wọn kò lè gé igi. Èyí jẹ́ ojúlówó. Ó ti lọ sógun. Dípọ̀ mí kanlẹ̀. Òyìnbó náà wá fi ìka kan ihò mẹ́ta náà.

"Èyí ni kò yé mi."

"Àmì ẹgbẹ́ ogun bàbá mi ni," ni Dípọ̀ wí. "Ẹ̀gbọ́n mi yìí yóò sọ fún yín."

Òyìnbó náà ní kò sí ẹgbẹ́ ogun kankan tó ń sàmì báyìí. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan síwájú mi láti gba ohùn àti àwòrán mi, ó ní kí n sọ orúkọ mi, kí n sì sọ ohun tí mo mọ̀. Mo kọ́kọ́ na ọwọ́ mú ọ̀bẹ náà. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣa èèpo iṣu, n kò fọwọ́ kan èkù yẹn mọ́. Ó ṣì kún ọwọ́. Mo sọ orúkọ mi, mo sọ orúkọ bàbá mi. Mo ní òun ló gbé ọ̀bẹ yìí bọ̀ láti Bọ́mà. Kò pa ẹnikẹ́ni, ẹrù ló gbé, ó sì pọn ọkùnrin kan sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, ọkùnrin náà ló fún un. Mo ní ìyá mi ló jó ihò mẹ́ta yìí sí i nítorí pé wọ́n yá a lọ síbi ìkómọ, wọn kò dá a padà. Mo fa orógùn yọ nínú báàgì, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Òyìnbó náà gbé awò lé èkù, ó gbé e lé orógùn, ó tún gbé e lé èkù. Kò pariwo mọ́. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pààrọ̀ èkù náà, àti pé àwọn tó gbé ẹrù lórí nínú ogun yẹn kì í sábà ní ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún wọn. Ó bi mí bóyá mo lè fi orógùn náà sílẹ̀ kó bá ọ̀bẹ wà nínú ìpàtẹ. Mo ní kí ni kí n fi ro ọkà?

Ó wá yíjú sí Dípọ̀, ó bi í bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ sí i. Dípọ̀ ń wo orógùn. Ó ní rárá. Ó ní kí wọ́n kọ orúkọ tí ẹ̀gbọ́n òun dá. Mo gbọ́dọ̀ kọ ìyẹn sílẹ̀ fún un, nítorí pé mo rí i.

Dípọ̀ ló fi mọ́tò gbé mi padà, orí ọ̀nà ńlá ló sì ti bi mí.

"Sísítà mi, láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Láti ìgbà ìkómọ rẹ."

Ó wa mọ́tò lọ. Lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ohùn ọmọdé, ó ní, "Kí wá ni bàbá tèmi ṣe nígbà ogun náà?"

"Ó wọn èkùrọ́."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìwọ̀n rẹ̀ rọ̀ sára òpó."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò ládùn. "Iná yẹn ṣì ń tàn lára ògiri mi o. Kí ni n ó gbé síbẹ̀ báyìí?"

"Gbé ìwọ̀n síbẹ̀."

Ó já mi sẹ́nu ọ̀nà Bọ́lá. Ó bá mi gbé báàgì mi dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bí ó ti yẹ, ó lọ. Mo ro ọkà lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ọmọ Bọ́lá sì jẹ ẹ́ láìjà.

Mo lè sọ fún un ohun tí tíṣà wa sọ fún wa, pé òróró inú èkùrọ́ yẹn ń lọ bá àwọn ọmọ ogun, pé ẹni tó ń kó o jọ náà ń bá ọba jagun. Kì í ṣe irọ́. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi láti orí ọ̀nà ńlá títí dé Hyattsville. Ṣùgbọ́n mo rántí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó ká ọwọ́ sí àyà, tó ń pe bàbá mi ní alárùú ọba, mo sì gbé e mì. Ẹni tó bá ka èyí, tó sì mọ ọ̀nà ilé Dípọ̀, lè lọ sọ fún un. Kì í ṣe ẹnu tèmi ni yóò ti gbọ́ ọ.